Orí Kẹfà: Ìfẹ́ Èèwọ̀ Nínú Fíìmù Brief Encounter

Ọkùnrin kan àti obìnrin kan jókòó sídìí tábìlì nínú yàrá tíì kan ní ibùdókọ̀ ojú irin. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà pàápàá kò kọ́kọ́ kà wọ́n sí. Obìnrin tó ń ta tíì àti ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ló ń wò. Obìnrin mìíràn já wọlé pẹ̀lú ẹrù ọjà lọ́wọ́, ó rí ojúlùmọ̀ rẹ̀, ó fa àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ láìdánu dúró. Agogo dún pé ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ọkùnrin yẹn dìde, ó kí àlejò náà pé ó dàbọ̀, ó gbé ọwọ́ lé èjìká obìnrin kejì díẹ̀, ó sì jáde lọ.

Báyìí ni Brief Encounter ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ kò lè mọ̀ pé ìparí ìtàn ìfẹ́ náà gan-an ni wọ́n ti fi hàn án, àti pé ọwọ́ tó kan èjìká yẹn ni gbogbo ìdágbére tí àwọn méjèèjì rí ṣe.

Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn kò ṣòro láti béèrè. Fíìmù ìṣẹ́jú 86 ni, aláwọ̀ dúdú àti funfun. Ẹnikẹ́ni kò kú nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kọ ọkọ tàbí aya, àwọn olólùfẹ́ méjèèjì kò tilẹ̀ sùn pọ̀. Kí ló wá dé tó ṣì ń gba omi lójú àwọn ènìyàn láti ọdún 1945 títí di òní? Èrò tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò ni pé bí wọ́n ṣe to ìtàn náà ló fún un lágbára, ju ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Láti orí ìtàgé dé Carnforth

Noël Coward, òǹkọ̀wé eré àti olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ eré kékeré kan tó ń jẹ́ Still Life ní ọdún 1936. Inú yàrá tíì ibùdókọ̀ ni gbogbo eré náà ti wáyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí David Lean pẹ̀lú Ronald Neame àti Anthony Havelock-Allan wá sọ ọ́ di fíìmù, wọ́n tú ìtàn náà sílẹ̀ kúrò nínú yàrá yẹn. Wọ́n mú wa dé ilé obìnrin náà, dé ilé sinimá, dé orí adágún omi, dé ìgbèríko. Síbẹ̀, yàrá tíì náà ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí, nítorí ibẹ̀ ni àkókò ti máa ń tán mọ́ wọn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ gígé àti títo fíìmù ni Lean ṣe kó tó di olùdarí. Ẹ má ṣe gbàgbé èyí, nítorí a ó padà dé orí rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945 ni wọ́n ya fíìmù náà, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí. Wọ́n nílò ibùdókọ̀ tí wọ́n lè tan iná ńlá sí lóru, wọ́n sì yan Carnforth ní Lancashire, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ jìnnà sí gúúsù ìlà-oòrùn tí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá ti máa ń wọlé. Bí ìkìlọ̀ bá dé, àyè á wà láti pa iná. Yàrá tíì tí a ń rí nínú fíìmù kì í ṣe ti Carnforth, inú ilé ìyàwòrán Denham ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni fíìmù náà jáde.

Àmọ́ ogun kò sí nínú ìtàn fúnra rẹ̀. Àkókò tó ṣáájú ogun ni wọ́n fi í sí: iná ń tàn ní ibùdókọ̀, wọ́n ń ta ṣokoléètì láìsí káàdì ìpín oúnjẹ. Ẹ fojú inú wo àwọn tó kọ́kọ́ wò ó ní ìparí ọdún 1945. Ọ̀pọ̀ ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ojú ogun ni, ọ̀pọ̀ aya sì ti dá ilé gbé fún ọdún mélòó kan. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn ohun tó ń jẹ́ kí a dágbére níbi tí ọkọ̀ ti ń lọ, kí a má sì lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni nítorí àwọn èrò tó yí wa ká.

Àhunpọ̀ ìtàn

Laura Jesson ni olú ẹ̀dá ìtàn. Celia Johnson ló ṣe é. Abilékọ ni, ó ní ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, òun àti Fred ọkọ rẹ̀ sì ń gbé ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ketchworth. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Milford láti ra nǹkan, láti pààrọ̀ ìwé tó yá, láti jẹun ọ̀sán, kó sì wo sinimá kó tó padà sílé. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ asáré kan kọjá ní ibùdókọ̀, pàǹtí fò sí i lójú. Dókítà kan tó ń dúró de ọkọ̀ tirẹ̀ fi eteetí áńkáṣíìfù bá a yọ ọ́. Alec Harvey lorúkọ rẹ̀, Trevor Howard ló ṣe é. Òun náà láya, ó sì bí ọmọkùnrin méjì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ lòun náà ń wá sí ilé ìwòsàn Milford láti dípò ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan.

Wọ́n tún pàdé. Ilé oúnjẹ kún lọ́jọ́ kan, Alec bẹ̀bẹ̀ láti jókòó sí tábìlì Laura. Wọ́n jọ lọ sí sinimá. Wọ́n wa ọkọ̀ ojú omi, Alec já sínú omi, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ló sì ti sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Laura pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin kan lórí fóònù pé kó bá òun bo àṣírí, ẹ̀rù sì ba òun fúnra rẹ̀ nígbà tó rí bí irọ́ ṣe rọrùn fún òun tó.

Ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Alec gba kọ́kọ́rọ́ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Laura kọ̀ láti lọ, ó wọ ọkọ̀ ojú irin rẹ̀, ó tún bọ́ sílẹ̀, ó sì padà lọ bá a. Wọn kò tíì jókòó pẹ́ tí ọ̀rẹ́ náà fi dé láìròtẹ́lẹ̀. Laura gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé sá jáde sínú òjò bí olè. Ó sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó jókòó lóru lórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá ère ìrántí àwọn tó kú sójú ogun, ọlọ́pàá sì wá bi í bóyá kò sí nǹkan. Nígbà tí Alec rí i ní ibùdókọ̀, ó sọ fún un pé wọ́n ti fi iṣẹ́ lọ òun ní Johannesburg, òun á sì gbà á. Wọ́n fi Ọjọ́bọ̀ kan sí i ṣe ìdágbére. Òun ni Ọjọ́bọ̀ tí a rí ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ta ló dá wọn lẹ́kun?

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ìfẹ́ èèwọ̀, alátakò kan wà tí a lè nàka sí. Ìjà ìdílé méjì ló pa Romeo àti Juliet. Nínú Mughal-e-Azam, fíìmù ilẹ̀ Íńdíà tí K. Asif gbé jáde ní ọdún 1960, ọba Akbar ló sọ pé ọmọ òun kò ní fẹ́ oníjó ààfin. Bí alátakò bá ti wà, òǹwòran ti mọ ẹ̀yìn ẹni tí òun máa wà. A ó máa bínú sí bàbá tàbí sí ọba, a ó sì máa gbàdúrà kí àwọn ọmọ náà rí ibi sá gbà.

Brief Encounter kò fún wa ní ẹnikẹ́ni tí a lè bínú sí. Fred kì í ṣe ọkọ burúkú. Kì í lu ìyàwó rẹ̀, kì í mutí yó, kò ní obìnrin níta. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ràn láti jókòó sídìí iná kó máa fi lẹ́tà dí àlàfo inú eré ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn The Times. Ìran kan wà tí Laura sọ òtítọ́ fún un gbangba pé òun bá ọkùnrin kan tí òun kò mọ̀ rí jẹun, ọkùnrin náà sì mú òun lọ sí sinimá. Fred ní ó dáa, ó sì tún bojú wo ìwé ìròyìn rẹ̀. Laura bú sẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi fẹ́ di ẹkún. Ìfọkàntán ọkọ rẹ̀ ló dè é mọ́lẹ̀. Bí Fred bá jowú ni, bóyá ìbínú ì bá fún un ní àyè láti lọ.

Nítorí náà, inú Laura fúnra rẹ̀ ni èèwọ̀ náà ń gbé. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ jẹun pẹ̀lú Alec, ó dé ilé, ó bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lórí ibùsùn, mọ́tò ti kọ lù ú. Ìfarapa náà kò le, ṣùgbọ́n lójú Laura, ẹ̀san ti dé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò dá a lẹ́jọ́ nínú ilé yẹn. Òun ni agbẹjọ́rò, òun ni adájọ́, òun náà ni ẹlẹ́wọ̀n.

Ìdí kan nìyí tí fíìmù náà kò fi gbó. Òfin ìgbéyàwó yí padà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn 1945, ìkọ̀sílẹ̀ sì rọrùn sí i ju ti ayé ìgbà yẹn lọ. Ìtàn tó bá gbára lé òfin nìkan, bí òfin náà bá ti yí padà, ìtàn á di ohun àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé bí inú òun bá dùn, inú ẹlòmíràn tí kò ṣẹ òun máa bàjẹ́, kò sí òfin tó lè bá a tú okùn yẹn.

Ẹ wo àwọn ẹ̀dá ìtàn kékeré náà pẹ̀lú. Nídìí káńtà, Myrtle Bagot tó ń ta tíì àti Albert Godby tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ra wọn ní gbangba, pẹ̀lú àwàdà àti ìfọwọ́kanra. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀rín lásán ni wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ fún. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá kan náà, ìfẹ́ àwọn kan ń pariwo, ìfẹ́ àwọn kejì kò gbọdọ̀ mí. Ọgbọ́n ìfìwàwẹ̀dá nìyẹn: ìtúra Albert àti Myrtle ló ń jẹ́ kí a mọ ìwúwo ohun tó wà lórí tábìlì kejì.

Ìran kan, ojú méjì

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Lean agéfíìmù. Lẹ́yìn ìran ìbẹ̀rẹ̀, Laura bá ọkọ̀ ojú irin padà sílé, ó jókòó ní iwájú Fred, ó tan rédíò, orin ń dún. Níbẹ̀ ni ìpadàsẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn ọkàn Laura ni asọ̀tàn wa, Fred ló sì ń bá sọ̀rọ̀ nínú ọkàn náà. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni ẹni tó gbọ́n tó, tó sì láàánú tó láti gbọ́ ọ, òun náà sì ni ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ìjẹ́wọ́ tí kò jáde lẹ́nu ni gbogbo fíìmù náà.

Àǹfààní ojú ìwòye yìí pọ̀. Gbogbo ohun tí a rí ni Laura ti rí tẹ́lẹ̀, tí ó sì ti pàdánù. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lórí omi, àwa ti mọ̀ pé yàrá tíì kan ń dúró dè wọ́n. Ìbéèrè pé ṣé wọ́n máa fẹ́ra wọn ti kúrò nílẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí ni ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ná wọn.

Nígbà tí ìtàn wá dé ibi ìdágbére lẹ́ẹ̀kejì, ìran kan náà ni wọ́n tún ṣe, ṣùgbọ́n apá ọ̀dọ̀ Laura ni kámẹ́rà wà báyìí. Dolly Messiter, obìnrin aláròyé tó kàn dà bí ẹni tó ń pani lẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́, ti di ìpọ́njú. Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn láyé àwọn méjèèjì ló jókòó lé. Nígbà àkọ́kọ́, a wà nídìí káńtà pẹ̀lú Dolly. Ó ń ra ṣokoléètì, ó yíjú padà, Laura ò sí níbẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tó fi padà wọlé, ojú rẹ̀ funfun, ó ní òun lọ wo ọkọ̀ asáré tó kọjá ni. A gbà á gbọ́. Nígbà kejì, a bá a jáde. Kámẹ́rà dagun, yàrá náà ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, Laura sáré dé eteetí pèpéle, iná ojú fèrèsé ọkọ̀ tó ń kọjá ń nà án lójú léraléra, irun rẹ̀ ń fẹ́. Ó fẹ́ bẹ́ sí iwájú ọkọ̀ náà. Kò bẹ́.

Ẹ ṣe àfiwé ìran méjèèjì yìí fúnra yín, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ orí yìí wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ìmọ̀ wa ló yí padà. Àwa tí a jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ bí àjèjì nínú yàrá tíì, tí a wo ọkùnrin kan tó gbé ọwọ́ lé èjìká obìnrin, tí a kò sì ka ohunkóhun sí, àwa náà ni Dolly. Èyí ló sì mú kí fíìmù náà ṣeé wò ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta: ẹni tó bá tún un wò á sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí kò ti sunkún rárá nígbà àkọ́kọ́.

Ojú, òjìji àti dùùrù

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú Celia Johnson sì ni ìdajì fíìmù yìí. Ojú rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Nígbà tí Alec ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ pẹ̀lú ìtara, ó ń dárúkọ àrùn inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́kọ̀ọ̀kan, kámẹ́rà kò wo dókítà. Ojú Laura ló wò, a sì rí ìgbà tí ìfẹ́ wọ ibẹ̀. Wọ́n yan Johnson mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún òṣèrébìnrin tó dára jù lọ, wọ́n sì yan Lean fún ti olùdarí.

Robert Krasker ló wà nídìí kámẹ́rà. Òkùnkùn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó so pèpéle méjì pọ̀, èéfín ọkọ̀, òjìji tó gùn lára ògiri: ìwọ̀nyí ló fi sọ ohun tí àwọn olólùfẹ́ náà kò lè sọ. Ọkọ̀ Laura àti ọkọ̀ Alec kò lọ sí ọ̀nà kan náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa sáré gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Aago àti agogo ibùdókọ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ọba ń ṣe nínú ìtàn mìíràn.

Orin tó ń dún lórí rédíò Laura ni kọnṣẹ́ẹ̀tò kejì tí Sergei Rachmaninoff, ọmọ Rọ́ṣíà, kọ fún dùùrù ní ọdún 1900 sí 1901. Eileen Joyce, ọmọ Ọsirélíà, ló tẹ dùùrù náà, Muir Mathieson ló darí àwọn olórin. Orin náà ń ké fún obìnrin tí kò gbọdọ̀ ké. Àwọn kan rò pé ó ti pọ̀ jù. Ẹ yọ orin náà kúrò nínú ọkàn yín, kí ẹ sì wo ìran kan láìsí ohùn, ẹ ó rí i pé ìtàn náà dákẹ́ ju kí ó lè gbéra lọ láìsí i.

Lẹ́yìn 1945

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lean sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ní ìlú Rochester, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán fíìmù náà wò lójú àwọn òǹwòran, ńṣe ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ìran ìfẹ́ rẹ̀, ojú sì tì í débi pé ó rò láti lọ sun fíìmù náà níná. Kò sun ún. Ní ọdún 1946, ó wà lára àwọn fíìmù tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn ńlá ní Cannes. Ní ọdún 1999, nígbà tí British Film Institute to ọgọ́rùn-ún fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù lọ, ipò kejì ni wọ́n fi í sí. The Third Man ló gba ipò àkọ́kọ́, Krasker kan náà ló sì wà nídìí kámẹ́rà ìyẹn.

Ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ ọnà mìíràn gbà lò ó tún yẹ fún àkíyèsí. Billy Wilder wo ọ̀rẹ́ tó yá Alec ní ilé, ó bi ara rẹ̀ pé irú ènìyàn wo ni ẹni tó ń wá sùn lórí ibùsùn tí olólùfẹ́ méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, láti inú ìbéèrè yẹn ló sì ti rí fíìmù The Apartment tó gbé jáde ní 1960. Wọ́n tún Brief Encounter ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ní 1974 pẹ̀lú Richard Burton àti Sophia Loren, kò sì gba ọkàn ènìyàn bíi ti àkọ́kọ́. Lójú tèmi, òṣèré méjì tó lókìkí tó bẹ́ẹ̀ kò lè jọ àwọn tí a lè jókòó tì nínú yàrá tíì láìmọ̀.

Todd Haynes ló lóye rẹ̀ jù. Nínú Carol, fíìmù ọdún 2015 nípa ìfẹ́ obìnrin méjì ní New York ní àwọn ọdún 1950, òun náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn méjì lórí tábìlì, ojúlùmọ̀ kan tó wá dí wọn lọ́wọ́, àti ọwọ́ tó kan èjìká. Ó sì mú ìran náà padà wá lápá ìparí, kí a lè wò ó pẹ̀lú ìmọ̀. Ó mọ̀ pé ohun tó yẹ láti jogún ni títò ìtàn náà.

Carnforth ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dúró níbẹ̀, aago ńlá inú fíìmù ṣì kọ́, àwọn arìnrìn-àjò sì ń wá mu tíì nínú yàrá tí wọ́n tún ṣe kó lè jọ èyí tí wọ́n kọ́ sí Denham.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ wo ìran ìdágbére àkọ́kọ́ àti èkejì tẹ̀léra. Ẹ kọ gbogbo ibi tí kámẹ́rà wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ìyípadà ipò náà mú kí ẹ mọ̀.

Ní ìparí, Fred gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀, ó ní ó ti lọ jìnnà gan-an, ó sì dúpẹ́ pé ó padà sọ́dọ̀ òun. Ṣé Fred mọ̀? Ẹ fi ẹ̀rí inú fíìmù nìkan gbe ìdáhùn yín lẹ́yìn, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ yan fíìmù Yorùbá kan tó dá lórí ìfẹ́ tí ìdílé kọ̀. Bí ẹ bá yọ alátakò náà kúrò, kí ẹ sì gbé èèwọ̀ rẹ̀ sínú ọkàn ọ̀kan lára àwọn olólùfẹ́, àwọn ìran wo ni kò ní lè dúró mọ́, àwọn wo ni ẹ ó sì ní láti kọ tuntun?